Ẹ Bi Bàbá Onígìtá: Amp Wo Ló Lè Bá Kúmásì Rìn?

Lẹ́tà oṣù yìí yà mí lẹ́nu. Mo ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì, ọ̀rọ̀ onílé tó ń fowó kún owó ilé, àti ọ̀rọ̀ àbúrò tó yá aṣọ òkú pupa tí kò dá a padà. Kò sí ọ̀kan tó wọlé nínú wọn. Láti Zongo dé Oforikrom, láti Asafo dé Suame, amp gìtá ni ẹ̀yin Yorùbá Kúmásì ń sunkún sí mi lọ́rùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá létí, kó sún mọ́ sípíkà. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn mi, ẹni tó bá sì gbà á tí kò bá a lára mu, kì í dá a padà.

"Bàbá Onígìtá, ẹ kú iṣẹ́ o. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adum ni mo ti máa ń ta gìtá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ibi ìsìnkú ni mo máa ń wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni mí lọ́jọ́ Àìkú. Owó amp kan péré ni mo rí kó jọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta béèsì ní kí n ra onítube, 100 wọ́ọ̀tì, pé ẹni tí wọn ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi òkú kan, wọn ò ní í pè é síbi òkú mìíràn. Ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀? — Olóde Mẹ́ta, Bantama."

Olóde Mẹ́ta, ọmọ mi, bá mi bi ọ̀rẹ́ rẹ yẹn léèrè kan: ṣé òun ni yóò máa bá ọ gbé e? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ra ohun tó ní kí o rà, kí o sì fi okùn so òun fúnra rẹ̀ mọ́ amp náà kó má baà sá lọ. Bó bá ní rárá, jókòó tì mí.

Wọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń mú wa lọ́jà. Etí ọmọ ènìyàn kì í ka wọ́ọ̀tì bí ẹni tó ń ta amp ṣe ń kà á. Gbé amp 50 wọ́ọ̀tì kúrò nílẹ̀, gbé ti 100 síbẹ̀, ohun tí o rí gbà kò ju dẹ́síbẹ̀lì 3 lọ. Ẹni tó ń jẹ fùfù lábẹ́ kánópì kò tilẹ̀ ní í gbójú sókè. Kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, agbára ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí Deluxe Reverb ti Fender, onítube (èyí tó ń fi ìgò oníná kéékèèké gbé ohùn sókè) tí kò ju 22 wọ́ọ̀tì lọ, fi lè bá onílù gbé nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Owó tí o fẹ́ fi ra wọ́ọ̀tì tó kù, fi ra bàtà. Àwọn tó wà níwájú ìtàgé máa ń wo bàtà.

Ohùn tó mọ́ ni kí o máa wá. Highlife ni wọ́n ń pè ọ́ sí ní Kúmásì. Gìtá kan ń sọ, èkejì ń dá a lóhùn, okùn kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já sínú àwo tánganran. Amp tí ohùn rẹ̀ bá ti ń ya kí o tó fi agbára kan okùn, àwọn ọlọ́rin rọ́ọ̀kì ló ni ín. Ẹni tó fẹ́ ta orin Alex Konadu, àgbà olórin highlife, kò ní nǹkan í fi í ṣe.

Ọba méjì ló wà fún ohùn mímọ́. Ọ̀kan ni Jazz Chorus JC-120 tí Roland gbé jáde lọ́dún 1975: kò sí tube kankan nínú rẹ̀, sípíkà ìnṣì 12 méjì ló ní, 60 wọ́ọ̀tì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, chorus tó ń mú ohùn gìtá fẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Èkejì ni Twin Reverb ti Fender, onítube 85 wọ́ọ̀tì, sípíkà méjì lòun náà ní. Bí o bá dé òde kan tí o bá ọ̀kan nínú wọn lórí ìtàgé, dọ̀bálẹ̀ kí o tó tàn án. Ṣùgbọ́n má rà á. JC-120 wọn kìló 28, Twin wọn bíi kìló 29. Ìyẹn ju ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì lọ, sìmẹ́ǹtì tilẹ̀ tún sàn, nítorí bí o bá gbé e débẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí o jù ú sílẹ̀.

Fojú inú wo ara rẹ ní Kejetia láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gìtá wà lẹ́yìn rẹ, aṣọ dúdú wà lọ́rùn rẹ, amp wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ àti àwọn oníṣu sì jọ ń du ọkọ̀ trotro kan. Mètì ọkọ̀ náà wo amp, ó wo ojú rẹ, ó tún wo amp. Ó ní àyè èèyàn méjì ni yóò gbà. O bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ẹ bá fi máa parí ọ̀rọ̀, o ti sanwó èèyàn mẹ́ta, orí itan ìyá arúgbó kan lo sì jókòó sí. Bó o bá ní pragya, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lo máa wọ̀, ìyẹn ni yóò gbé ọ gba ojú ọ̀nà onígọ̀tà tí tube inú amp rẹ yóò fi máa jó kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Tube máa ń gbóná, ó máa ń gbó, ó sì kórìíra gìlàgìlà. Bí ọ̀kan bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lóru ọjọ́ Ẹtì, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún ọ kí òkú tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Mo fẹ́ràn ohùn tube gan-an, n kò ní í purọ́. Mo kàn fẹ́ràn ọ̀pá ẹ̀yìn mi jù ú lọ.

Nítorí náà, èyí tí ẹ̀rọ àti sípíkà jọ ń gbé nínú àpótí kan ni kí o rà, sípíkà ìnṣì 12 kan, láìsí tube, 50 sí 100 wọ́ọ̀tì, tí kò ju kìló 15 lọ. Boss Katana tó jáde lọ́dún 2016 wà nínú irú wọn. Katana 100 wọn bíi kìló 15, ó sì ní bọ́tìnnì kan tó lè sọ 100 wọ́ọ̀tì di ìdajì wọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì yẹn lèmi ì bá fi owó rà bí wọ́n bá ń tà á lọ́tọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá gùn, Fender ṣe Tone Master Deluxe Reverb lọ́dún 2019: kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bíi tube nínú rẹ̀, kò sì wọn ju kìló 10 àti díẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ rẹ bá kúrú, wá Peavey Bandit àlòkù. Ó wúwo díẹ̀, kò lẹ́wà, àmọ́ a máa tọ́jọ́, àwọn tó ń tún rédíò ṣe sì mọ inú rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí o bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní ihò tí o lè ki bọ́tìnnì ẹlẹ́sẹ̀ bọ̀ láti dín ohùn kù, tàbí kí o ra pẹ́dàlì ohùn lọ́tọ̀. Ìwọ náà mọ ìdí. Níbi òkú Kúmásì, kò sí orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó di máìkì mú kò lè dá dúró láti ka orúkọ ẹni tó dáwó àti iye tó dá. Bí gìtá rẹ bá bo iye tí àna dá mọ́lẹ̀, ìdílé méjì ni yóò jọ máa lé ọ.

Ọjọ́ tí o bá lọ rà á, mú gìtá tìrẹ àti wáyà tìrẹ lọ. Gìtá ṣọ́ọ̀bù ti mọ bí a ṣe ń tan oníbàárà. Yí ohùn mímọ́ sókè dé ibi méje, kan okùn méjèèjì tó nípọn jù pẹ̀lú ìbínú, kí o gbọ́ bóyá ó ń ya. Yí i wálẹ̀ dé ibi kan, kí o gbọ́ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀ tàbí ó ti ń kùn. Jẹ́ kó wà nínú iná títí ẹni tó ń tà á yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá ọ gbé e dé ìta wò. Bó bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbà yẹn ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó.

"Bàbá, ọkọ mi ra amp, ó gbé e sínú yàrá wa, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn níhà ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Aago méjì òru ló máa ń tàn án. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní 'ó ku díẹ̀.' Mo ti sọ fún un pé kó yàn: èmi tàbí àpótí yẹn. Ó ní kí n fún òun láàyè ronú. — Ìyàwó Àpótí, Asokwa."

Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó parí ìrònú náà, ìdáhùn rẹ̀ lè má dùn-ún gbọ́.

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn amp náà tàbí orí rẹ̀ ní ọ̀sán tí kò sí nílé, kí ẹ wá ihò kékeré kan tí wọ́n kọ "phones" sí lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò ní tube ló ní in. Bó bá ti ki wáyà ohun ìgbọ́rọ̀ etí bọ̀ ọ́, sípíkà yóò dákẹ́, òun nìkan ni yóò máa gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ ra ohun ìgbọ́rọ̀ náà fún un lẹ́bùn, kí ẹ fi páálí tó dára dì í, kí ẹ sì pe ìyá rẹ̀ wá kó wò ó bí ẹ ṣe ń fi ìfẹ́ gbé e fún un. Bó bá jẹ́ onítube ló rà, ìyẹn tún le díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ irú wọn kò ní ihò yìí, tí a kò sì gbọdọ̀ yọ wáyà sípíkà wọn nígbà tí wọ́n bá wà nínú iná: ìyẹn lè jó tiransifọ́mà inú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ láti fi gbẹ̀san. Owó ilé yín ni ẹ ó fi tún un ṣe.

Bí àwọn ọ̀nà ìtùnbí-ìnùbí yìí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí, kí ẹ má sì sọ pé ẹnu mi ló ti jáde. Púlọ́ọ̀gì olórí mẹ́ta tí à ń lò ní Gáná ní fíùsì kékeré kan nínú. Screwdriver kan péré ló ń ṣí i. Ẹ yọ fíùsì náà, ẹ so ó mọ́ etí gèlè, kí ẹ sì sùn. Yóò wo gìtá, yóò wo wáyà, yóò jáde lọ wo mítà, yóò pe ECG, ilé iṣẹ́ iná, lórí fóònù, yóò bú wọn. Bó bá di àárọ̀ tó bẹ ẹ̀yin àti Ọlọ́run, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dá a padà, kó jẹ́ fíùsì náà gan-an. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, yóò fi bébà sìgá tàbí ìṣó dípò rẹ̀, iná yóò sì wá jó gbogbo yín pọ̀, tọkọ-taya àti àpótí.

Ẹ má sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e lórí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yunifásítì Tech ni mí, iná mànàmáná ni mò ń kọ́ níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Houston fi amp Fender àlòkù ránṣẹ́ sí mi nínú páálí aṣọ. Mo ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì, mo fi bírò ṣí ihò òkè kó lè wọlé. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó rú èéfín, ó dákẹ́. Kí ló fà á? — Ìrètí Ẹbí, Ayeduase."

Ìrètí Ẹbí, lẹ́ẹ̀mejì ni mo ka ibi tí o ti ní iná mànàmáná lo ń kọ́. Jọ̀wọ́, ọdún kelòó lo wà? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó pe ẹnikẹ́ni wá bá mi ṣe wáyà ilé.

Fóòtì 120 ni iná Amẹ́ríkà. Fóòtì 230 ni ti Gáná. Amp tí wọ́n tọ́ dàgbà lórí 120, o fún un ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì oúnjẹ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yó, ó kú. Kó tó kú, ó sọ fún ọ: wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ti jáde. Bírò tí o fi ṣí ihò yẹn ni n kò lè dárí jì. Ihò òkè ni ti wáyà ilẹ̀. Wọ́n ṣe é kó jẹ́ pé orí púlọ́ọ̀gì tó gùn jù nìkan ni yóò ṣí ọ̀nà fún àwọn méjì yòókù. Bí o bá fi bírò ṣí i, amp rẹ kò ní wáyà ilẹ̀ kankan mọ́. Ọwọ́ rẹ wà lára okùn gìtá, ẹnu rẹ sún mọ́ máìkì tó ń gba iná láti ibòmíràn, ìwọ lo wá di wáyà tó so wọ́n pọ̀. Ohun tó pa Leslie Harvey nìyẹn, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, lórí ìtàgé ní Swansea lọ́dún 1972: ó di gìtá mú, ó fọwọ́ kan máìkì. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sínú abala yìí lóṣù yìí, èyí nìkan ni n kò fi ṣàwàdà.

Ó dáa. Má tún tàn án. Gbé e tọ ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ lọ. Bí Ọlọ́run bá yọ ọ́, fíùsì inú rẹ̀ ló kú ikú akọni. Bí kò bá yọ ọ́, tiransifọ́mà ni. Bó bá ti dìde, ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kó tóbi ju ohun tí amp náà ń fà lọ. Iye tí amp ń fà láti ara iná la ń wò níbí, kì í ṣe iye tó fi ń kọrin: onítube tó ń kọrin ní 22 wọ́ọ̀tì lè máa fà ju 100 lọ. Wọ́n ti kọ ìyẹn náà sẹ́yìn rẹ̀, bí o bá ti ṣe tán láti máa kàwé.

Ní ti àbúrò bàbá rẹ ní Houston, má sọ fún un pé amp rú èéfín. Sọ fún un pé ìgbà tí o tàn án, gbogbo ilé ló dìde dúró. Òótọ́ ni. Kí o tún ní ohun kan ṣoṣo tó kù kí ayọ̀ yín kún ni tiransifọ́mà kékeré kan, kó sì máa pe orúkọ rẹ nínú àdúrà bó bá ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

"Sí Bàbá Onígìtá. Ìjọ wa kò tóbi. Onígìtá wa jẹ́ ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ ìyìn, n kì í gbọ́ àdúrà tí èmi fúnra mi ń gbà. Àwọn ìyá tó wà ní ìlà kẹta ti ń fi òwú di etí. Mo bá a wí, ó ní òun gan-an kò gbọ́ ara òun. — Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, Kúmásì."

Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ níwájú wọn, ló gbé Onítẹ̀bọmi wọ Gáná, pẹ̀lú ìwé orin lábẹ́ apá. Kò sí amp nínú ẹrù wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ àdúrà nígbà náà.

Ọmọ náà kò purọ́ fún yín. Ilẹ̀ ni amp rẹ̀ wà, lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, àbí? Ohùn tó mú lára gìtá kì í tàn ká. Ó máa ń jáde láti ojú sípíkà, ó sì máa ń lọ tààrà. Orókún rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí ohùn náà sókè kí òun lè gbọ́. Ohùn kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ré ìlà kìíní àti èkejì kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn ìyá wa ní ìlà kẹta. Ẹ gbé amp náà sórí àga, tàbí kí ẹ fi igi tì í lẹ́sẹ̀ kó dojú sókè díẹ̀, kó máa wo etí ẹni tó ń ta gìtá. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kó dára sí i, ẹ gbé e sí iwájú rẹ̀ kó kọ ẹ̀yìn sí ìjọ. Ọmọ náà yóò pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì dín ohùn kù fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gba ààwẹ̀.

Bí amp náà bá ní ibi tí wọ́n kọ "line out" sí, ẹ fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí míkísà, kí ohùn gìtá máa gba sípíkà ìjọ jáde ní ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Bí kò bá ní, ẹ gbé máìkì kan sún mọ́ aṣọ ojú sípíkà náà; Shure SM57 ni gbogbo ayé ń lò fún un. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọwọ́ ẹni tó jókòó nídìí míkísà ni ìjọ wà. Ẹ yan ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run tí kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ onígìtá.

Bí ìgbìmọ̀ bá ní kò sí owó àga, owó wáyà, owó máìkì, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn pa àyè ìjókòó dà: kí akápò ìjọ bọ́ sí ìlà kẹta, níwájú sípíkà gan-an, ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Kí ẹ tó kí ìjọ pé ó dàbọ̀, ìwé owó yóò ti wà lórí tábìlì yín, ó ti fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀yin Onígìtá, àgbàlagbà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí. Kúmásì ni mo ti ṣòwò títí òfin Busia, olórí ìjọba Gáná, fi lé wa lọ́dún 1969. Ọmọ-ọmọ mi tó padà síbẹ̀ ní kí n fún òun lówó amp. Nígbà tèmi, gìtá kì í jẹ iná. Kí ló dé tí ti àwọn yìí fi ń jẹ ẹ́? — Bàbá Àgbà."

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí iná. Ọdún 1928 ni Kumasi Trio, àwọn ọmọ Fante tí Kwame Asare ṣáájú wọn, wọ ọkọ̀ ojú omi dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ fún Zonophone. Amp kankan kò bá wọn lọ. Koo Nimo, ọmọ Foase nítòsí Kúmásì níbẹ̀, gìtá onígi lòun náà fi gbé orin ẹlẹ́mu débi tó gbé e dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín àwa àgbà. Ìran tiwa ló kọ́kọ́ ki gìtá bọ iná. Ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti gbé gìtá oníná wọ jùjú nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin náà jó o. N kò tíì rí yín nígbà náà, Bàbá, mo sì mọ̀ pé ẹ jó o, nítorí kò sí oníṣòwò kan tó gbé Kúmásì nígbà náà tí kò mọ ọ̀nà Hotel de Kingsway lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìlù àti fèrè ti pọ̀ sí i, gbọ̀ngàn ti tóbi sí i, gìtá onígi ń kọrin síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́. Ebi ohùn ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iná.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ ní kó pè yín lórí fóònù, kó fi gìtá onígi ta orin kan fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè sọ̀rọ̀ láìsí iná, ẹ fún un ní ìlàjì owó náà. Ìlàjì tó kù, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ wá a, bí Busia ṣe fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ fi kó ẹrù. Kó wá mọ bó ṣe ń rí.

"Olórí ẹgbẹ́ ni mí. Iná jẹnẹrétọ̀ ibi àìsùn máa ń lọ sókè, á tún wálẹ̀, amp mi a máa kú a máa jí. Dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, náà tún ń bẹ. Kí ni kí n ṣe? — Oníbẹ̀rù Iná, Tafo."

Ra stabilizer, má sì jẹ́ kí ẹni tó ń dín ẹja tàbí ẹni tó ń ṣe yìnyín so mọ́ ojú iná kan náà pẹ̀lú rẹ. Amp rẹ nìkan kọ́ lo fẹ́ dáàbò bò: ọ̀wọ̀ rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún alẹ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kú pátápátá, Roland ṣe Cube Street tí bátìrì kéékèèké mẹ́fà ń gbé, kò sì wúwo. Ohùn rẹ̀ kò lè bá onílù jà. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, kí o tètè dìde kí onílù tó dìde, kí o ní ẹgbẹ́ fẹ́ fi orin jẹ́jẹ́ kan bu ọlá fún olóògbé. Àwọn ẹbí yóò máa sunkún. Wọ́n á tún fún ọ lówó lórí owó.

"Ṣé ó dára kí n lẹ orúkọ Marshall mọ́ amp tí mo rà ní Suame, kó lè níyì? — Ọ̀dọ́ Onífáàrí."

Ó dára. Lẹ ti Mercedes mọ́ ọn pẹ̀lú.

"Bàbá, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yá amp mi lọ sí òde kan ní Obuasi, ó ní ọjọ́ kan péré. Ṣé kí n fún un? — Aláàánú, Asafo."

Fún un, Aláàánú. Kó kọ́kọ́ fi gìtá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bó bá bi ọ́ pé kí lòun yóò wá fi ta orin lọ́hùn-ún, ní kó lọ yá gìtá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn.